Black Dynamite: Fíìmù Tí Wọ́n Fi Ọgbọ́n Bà Jẹ́

Ọ̀pọ̀ fíìmù ló ti fi àwọn akọni aláwọ̀ dúdú inú sinimá Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1970 ṣe ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó dé ibi tí Black Dynamite dé. Scott Sanders ló darí rẹ̀. Michael Jai White ló ṣe akọni náà, òun àti Sanders àti Byron Minns ló sì jọ kọ ìtàn rẹ̀. Àjọ̀dún fíìmù Sundance ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi han aráyé ní oṣù kìíní ọdún 2009, Sony rà á níbẹ̀, ó sì wọ ilé sinimá ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.9 dọ́là ni wọ́n ná lé e lórí. Gbogbo owó tó pa ní ilé sinimá kò pé 300,000 dọ́là. Lójú oníṣòwò, ọjà tó kú síni lọ́wọ́ nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí DVD àti Blu-ray rẹ̀ jáde ní oṣù kejì ọdún 2010, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi lé ara wọn lọ́wọ́, títí àwọn kan fi mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí bí ẹní mọ oríkì ìdílé rẹ̀. Kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Bí wọ́n ṣe kọ́ fíìmù náà látìpìlẹ̀ ló fà á.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n ń sín jẹ kò lè mọ ibi tí ẹ̀rín wà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Ní ọdún 1971 ni Melvin Van Peebles fi owó ara rẹ̀ àti owó yíyá ṣe Sweet Sweetback's Baadasssss Song, ọdún yẹn náà ni Gordon Parks darí Shaft fún MGM. Owó ń wọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ Hollywood nígbà náà. Wọ́n wá rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú ńlá yóò kún gbọ̀ngàn sinimá fọ́fọ́ bí wọ́n bá lè rí ẹni tó jọ wọ́n tó ń jà tó sì ń borí. Bí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ jáde nìyẹn. Super Fly dé ní ọdún 1972 pẹ̀lú orin Curtis Mayfield, Pam Grier gbé ìbọn nínú Coffy ní 1973, Jim Brown, Fred Williamson àti Jim Kelly sì jọ ṣe Three the Hard Way ní 1974. Agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì ni Brown àti Williamson, òṣèré karate ni Kelly. Junius Griffin, olórí ẹ̀ka Hollywood ti NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ló pe irú eré bẹ́ẹ̀ ní blaxploitation ní 1972, ìyẹn fífi aláwọ̀ dúdú pawó, ìbínú ló sì fi pè é, torí àwọn ọ̀gá aṣẹ́wó àti àwọn tó ń ta oògùn olóró ni wọ́n ń sọ di akọni. Ẹ̀sùn náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí èrò inú gbọ̀ngàn náà rí, èyí ni aláwọ̀ dúdú tó kọ ojú sí ọlọ́pàá tí kò sì kú kí fíìmù tó parí.

Owó tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré, àbùkù wọn sì ti ibẹ̀ wá. Bí òṣèré bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kò sí fíìmù tí wọ́n máa fi tún un yà. Bí ọkọ̀ bá ní láti gbiná, wọ́n á lọ wá àwòrán ọkọ̀ mìíràn tó ti gbiná rí nínú eré ẹlòmíràn, wọ́n á rán an mọ́ ọn. Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù ni makirofóònù tó ń yọ lókè orí òṣèré. Dolemite, tí Rudy Ray Moore ṣe ní 1975, ló gba orúkọ fún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ẹni tó gbé makirofóònù nìkan ló jẹ̀bi. Àwòrán tí kámẹ́rà yà ga ju ohun tí ilé sinimá yóò fi hàn lọ, ẹ̀rọ ibẹ̀ ló ń bo òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń sọ ọ́ di fídíò fún tẹlifíṣọ̀n onígun mẹ́rin, wọ́n ṣí ìbòjú náà sílẹ̀, ohun tó yẹ kó pamọ́ sì bọ́ sí gbangba. Ilé-iṣẹ́ Vinegar Syndrome, tó tún fíìmù náà ṣe fún Blu-ray ní 2016, fi oríṣi méjèèjì sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n bò bó ṣe yẹ àti èyí tí makirofóònù ti ń yọjú. Ẹ wò wọ́n pọ̀. Ẹ ó rí i pé fídíò ilé ló bí apá kan nínú òkìkí àṣìṣe yìí, bó ṣe jẹ́ pé fídíò ilé náà ló padà gba Black Dynamite là.

Bùlùgéríà ni Michael Jai White wà, ó ń ya fíìmù ìjà kan níbẹ̀, nígbà tó gbọ́ orin Super Bad ti James Brown tí èrò náà sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó wá aṣọ àtijọ́ wọ̀, ó ya fọ́tò, ó sì gbé e fún Sanders tó ti darí rẹ̀ rí nínú Thick as Thieves. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe fíìmù. Ìpolówó kékeré fún fíìmù tí kò tíì sí ni wọ́n yà, irú fíìmù kékeré olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní Super 8 ni wọ́n sì fi yà á, òun ni wọ́n gbé wá olówó kiri. Ẹ̀kọ́ gidi wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń ṣe eré lọ́wọ́ òfìfo. Ẹni tó bá ka ìwé eré yìí lásán lè rò pé eré burúkú ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àwòrán ló lè fi hàn án pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Fíìmù fúnra rẹ̀ gbà wọ́n ní ogún ọjọ́ láti yà, Super 16 ni wọ́n sì lò, irú fíìmù Kodak tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní reversal. Èyí ni nǹkan tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí jù nípa iṣẹ́ ọwọ́ Shawn Maurer, ẹni tó di kámẹ́rà mú. Fíìmù tí gbogbo ayé ń lò ni negative, àwòrán òdì ló ń wá lórí rẹ̀, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ sórí òmíràn kó tó tọ́. Reversal kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àwòrán tó tọ́ ló ń jáde lórí òun fúnra rẹ̀. Pupa rẹ̀ máa ń pọ́n kíkan, dúdú rẹ̀ máa ń dú bí èédú, ìyàtọ̀ láàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn sì máa ń le. Ewu rẹ̀ ni pé kò fún oníkámẹ́rà láyè àṣìṣe. Bí iná bá pọ̀ díẹ̀, ojú òṣèré á funfun, bó bá dín díẹ̀, aṣọ dúdú àti àwọ̀ dúdú á wọnú ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ẹ̀ ya òṣèré aláwọ̀ dúdú nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ iná tàn. Ìdí nìyẹn tí àwòrán náà fi dà bí ohun tí wọ́n hú jáde láti ọdún 1973 lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sín àtijọ́ jẹ ló máa ń fi kẹ̀mẹ́rà òde òní yà á, kí wọ́n tó fi kọ̀ǹpútà fá ìlà àti eruku sí i lára. Ojú á sì rí i kíá pé ohun tuntun tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

Ọgbọ́n tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró nìyí: Michael Jai White kò ṣe Black Dynamite tààrà. Ó ṣe Ferrante Jones, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kan tí wọ́n mú wá ṣe òṣèré, Ferrante Jones ló sì ń ṣe Black Dynamite. Ẹ kò ní gbọ́ orúkọ Ferrante Jones nínú ìtàn, ẹ̀yìn ojú ló wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti mọ̀, ìtumọ̀ gbogbo nǹkan á yí padà. Nígbà tí makirofóònù bá sọ̀ kalẹ̀ lókè irun rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ ìbínú, tó sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó láì dá ọ̀rọ̀ dúró, Ferrante Jones ni ẹ rí níbẹ̀ yẹn, òṣèré tí wọn kò kọ́ níṣẹ́ tó ń gbìyànjú kó má ba yíyà náà jẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Kò ṣẹ́jú sí wa. Bó bá ṣẹ́jú sí wa lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀fẹ̀ yóò tán.

Àwọn àṣìṣe mìíràn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tò síbẹ̀ tún pọ̀, ìpele ìpele ni wọ́n sì wà. Àwọn kan hàn sí gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ ajìjàgbara ka àkíyèsí tí wọ́n kọ sínú ìwé eré, èyí tó sọ bó ṣe yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ náà, mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ẹnì kan gba ẹ̀ṣẹ́ gidi nínú ìjà, ó bínú, ó bú u, wọ́n gé e lójijì, nígbà tí àwòrán máa padà dé, ẹlòmíràn ló wọ aṣọ rẹ̀ tí ìjà ń bá a lọ. Àwòrán àtijọ́ tí wọ́n fi kún eré ọkọ̀ kò bá èyí tí wọ́n yà mu. Àwọn mìíràn sì wà tí ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta lẹ ó tó rí wọn: òṣèré kan lẹ́yìn tó ń dúró kí ọ̀rọ̀ kàn án, kámẹ́rà tó fa ojú ẹnì kan súnmọ́ tòsí kí onítọ̀hún tó ní ohunkóhun sọ, òṣèré tó ti ń yíjú sí ibi tí ariwo ti máa dún kí ariwo tó dún. Ẹ má ṣe wo akọni nìkan ní gbogbo ìran. Ẹ wo ẹni tó dúró ní igun.

Ìdí tí ìjà rẹ̀ fi dára ni pé Michael Jai White mọ ìjà jà. Karate ti Kyokushin àti àwọn ẹ̀yà míì ti wọ̀ ọ́ lára, òun náà ló sì ṣe Spawn ní 1997. Ẹni tó mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbá ló lè fi àṣìṣe sínú rẹ̀ níbi tó yẹ gan-an. Ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe yá tó, lẹ́yìn náà kí ẹ wo bí ẹni tó ń bá jà ṣe ń dúró de ẹ̀ṣẹ́ kó tó ṣubú. Ìjà inú eré ìgbà náà máa ń lọ́ra torí pé àwọn tó ń ṣe é kò mọ̀ ọ́n jà. Níbí, ẹni tó mọ̀ ọ́n jà ló ń fi ara balẹ̀ ṣe é lọ́ra. Bí wọ́n bá fún apanilẹ́rìn-ín kan tí kò mọ ìjà ní ipò yìí, apá kan ẹ̀rín á wà, ṣùgbọ́n a kò ní gbà pé akọni ni. Black Dynamite kò lè ṣiṣẹ́ bí a kò bá gba akọni rẹ̀ gbọ́.

Orin wá ńkọ́? Adrian Younge ló kọ ọ́, òun náà ló sì gé fíìmù náà tó tò ó pọ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, èyí ló jẹ́ kí orin mọ ibi tó yẹ kó tètè dé àti ibi tó yẹ kó pẹ́ dé. Orí téèpù ló ti gba orin náà sílẹ̀, ohun èlò irú ti ìgbà náà ló sì lò. Nínú àwọn fíìmù àtijọ́, orin akọrin soul, irú orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, máa ń sọ ohun tó wà lọ́kàn akọni. Younge na àṣà yẹn síwájú díẹ̀: orin máa ń sọ ohun tí ojú wa ń rí gẹ́lẹ́. Bí Jimmy, ẹnì kan nínú ìtàn náà, bá ti kú, orin náà á kọ ọ́ pé Jimmy ti kú. Ohùn àwọn akọrin náà dára, ìlù rẹ̀ wúwo, kò sí yẹ̀yẹ́ kankan nínú bí wọ́n ṣe lù ú. Ẹni tí kò wo fíìmù rí lè gbọ́ àwo orin yìí kó sì gbádùn rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Younge yìí náà ló padà kọ orin eré tẹlifíṣọ̀n Luke Cage pẹ̀lú Ali Shaheed Muhammad, òun náà ló sì bá Tony Allen, onílù Fela tí wọ́n bí ní Èkó, gba àwo orin kan sílẹ̀ ní Los Angeles, tó jáde ní 2023 lẹ́yìn ikú Allen. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ mọ bí ọwọ́ Younge ṣe gún tó, kó lọ gbọ́ ìyẹn náà.

Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ kí n tú ìtàn fóun, kó fo ìpínrọ̀ yìí. Black Dynamite ti ṣiṣẹ́ fún CIA rí. Wọ́n pa Jimmy, àbúrò rẹ̀. O'Leary, ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, dá àṣẹ ìpànìyàn padà fún un. Ó rí i pé oògùn olóró ti wọ ilé àwọn ọmọ òrukàn, ó gbá àwọn tó ń tà á kúrò láàárín ìlú, kó tó wá bá ọ̀ràn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdé: ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Anaconda, tí wọ́n ṣe kó lè máa sọ nǹkan ọkùnrin aláwọ̀ dúdú di kékeré. Láti ibẹ̀ ó lọ bá Dókítà Wu ní erékùṣù kung fu, láti erékùṣù ó lọ sí White House, níbi tí Ààrẹ Nixon fúnra rẹ̀ ti gbé nunchaku, igi méjì tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n so pọ̀ láti fi jà, dìde sí i. Ìran tí wọ́n ti já àṣírí ọtí náà, nínú ilé oúnjẹ kan, ló lókìkí jù nínú fíìmù náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin bíi mélòó kan jókòó, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, láti orí ìpolówó ọtí dé orí ṣokoléètì, dé orí àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù, olúkúlùkù ń fi ìgboyà so ohun tí kò so mọ́ra pọ̀, ìdáhùn tí wọ́n sì dé náà tọ̀nà. Ohun tó mú un ṣiṣẹ́ ni ìyára rẹ̀. Kò fún wa láyè láti bi í léèrè.

Ẹ̀rín nìkan kọ́ ló wà nínú ọtí yẹn. Nínú Three the Hard Way, àwọn ọ̀tá fẹ́ da májèlé sínú omi ìlú ńlá mẹ́ta, èyí tí yóò pa aláwọ̀ dúdú nìkan. Ìbẹ̀rù tó wà nílẹ̀ gidi ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń fà yọ: ní 1972 ni aráyé gbọ́ pé ìjọba Amẹ́ríkà ti fi àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú Tuskegee sílẹ̀ pẹ̀lú àrùn rẹ́kórẹ́kó láti 1932 láì tọ́jú wọn, kí wọ́n lè wo bí àrùn náà yóò ṣe bá wọn jà. Ti ọtí náà sì ní gbòǹgbò. Àdúgbò aláwọ̀ dúdú ni àwọn tó ń ṣe ọtí malt líle ń polówó rẹ̀ fún jù, Fred Williamson fúnra rẹ̀ sì polówó King Cobra ní àwọn ọdún 1980. Láti ejò kan sí ejò kejì kò jìnnà. Ẹ kíyè sí i pé ìpolówó Anaconda ni fíìmù náà fi ṣí, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Wọ́n ti fi ìdáhùn lé wa lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, a sì rẹ́rìn-ín kọjá lórí rẹ̀.

Fíìmù náà ní ibi tó kù sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé erékùṣù, ìmísí rẹ̀ dín kù. Ìdajì àkọ́kọ́ ń sín àṣìṣe àwọn òṣìṣẹ́ eré jẹ, apá ìkẹyìn sì di ìrìn-àjò láti ibi kan dé ibi kejì, tí ìyàlẹ́nu ń gorí ìyàlẹ́nu títí kò fi ya ni lẹ́nu mọ́. Ìjà pẹ̀lú Nixon dùn lójú, àmọ́ ó ti kúrò nínú irú fíìmù tí Ferrante Jones ì bá ṣe, ó ti di àwàdà bí àwàdà yòókù. Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn obìnrin. Salli Richardson-Whitfield ṣe Gloria dáadáa, Kym Whitley sì mú inú ẹni dùn gẹ́gẹ́ bí Honey Bee, ṣùgbọ́n wọn kò fún èyíkéyìí nínú wọn ní iṣẹ́ gidi. Nínú àwọn fíìmù tí wọ́n ń sín jẹ, Pam Grier ló ń gbẹ̀san fúnra rẹ̀, òun ló ń wa ọkọ̀, òun ló ń yìnbọn. Bí ẹni tó fẹ́ fi gbogbo àṣà náà ṣe ẹ̀fẹ̀ bá gbàgbé ìyẹn, ìdá kan rẹ̀ tó dára ló fi sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá aṣẹ́wó, tí Arsenio Hall wà láàárín wọn, kúrú, ó sì kún fún àwọn òṣèré tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obba Babatundé, òṣèré ọmọ Queens ní New York tí orúkọ rẹ̀ máa fa etí Yorùbá, wà nínú eré náà pẹ̀lú, ipa tirẹ̀ kéré.

Bí a bá fi í wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyàtọ̀ máa hàn. Keenen Ivory Wayans ló ṣe I'm Gonna Git You Sucka ní 1988, ó sì kó àwọn àgbà gidi wá, Jim Brown, Isaac Hayes, Bernie Casey, Antonio Fargas. Inú ẹni máa ń dùn láti rí wọn, àmọ́ àwàdà rẹ̀ máa ń kéde ara rẹ̀ kó tó dé. Undercover Brother tí Malcolm D. Lee darí ní 2002 mú akọni ọdún 1970 wá sí ayé òde òní, ẹ̀rín rẹ̀ sì wà nínú bí kò ṣe bá ayé mu. Fíìmù méjèèjì mọ̀ pé àwàdà ni wọ́n. Black Dynamite ń ṣe bí ẹni pé kò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló fà á tí ilé sinimá fi le fún un, torí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀kan lè jáde kó máa ṣiyèméjì bóyá ó dára tàbí kò dára, ìyẹn náà ló sì fà á tó fi ṣe rere nílé, níbi tí ènìyàn ti lè dá a dúró, kó yí i padà, kó pe ẹlòmíràn wá wo igun kan. Àwọn ìran tó lè dá dúró fún ìṣẹ́jú kan péré, irú èyí tí ènìyàn lè gé lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ló kún inú rẹ̀. Nígbà tí ìkànnì Adult Swim sọ ọ́ di àwòrán ẹ̀fẹ̀ orí tẹlifíṣọ̀n, láti 2012 sí 2015, pẹ̀lú ohùn White, Tommy Davidson, Whitley àti Minns, òkìkí fíìmù náà ti ta kọjá ohun tí ilé sinimá lè ṣe fún un.

Fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó: ìṣẹ́jú 84 ni, kò gba alẹ́ ẹni. Kì í ṣe fún ọmọdé. Èébú pọ̀ nínú rẹ̀, ìhòòhò wà, oògùn olóró wà, R ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò gbọ́dọ̀ dá wò ó láìsí àgbà. Bí ẹ bá lè rí Blu-ray rẹ̀, òun ni kí ẹ rà, torí àwọ̀ fíìmù reversal yẹn máa ń bàjẹ́ nínú fídíò íntánẹ́ẹ̀tì tó bá kéré, dúdú á di eérú, pupa á sì máa ṣàn. Ọ̀rọ̀ Sanders, White àti Minns lórí fíìmù náà wà nínú rẹ̀, ó tọ́ kí ẹ gbọ́ ọ nígbà ìwò kejì, kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ẹ tan ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ bí etí yín kò bá yá sí èdè àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, pàápàá fún Bullhorn, ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn inú ìtàn náà, tó ń fi ọ̀rọ̀ olórin sọ̀rọ̀ bíi ti Rudy Ray Moore. Ẹ kọ́kọ́ wo Dolemite tàbí Three the Hard Way bó bá ṣeé ṣe, ọ̀kan ti tó, ẹ ó gbádùn rẹ̀ ní ìlọ́po. Ẹ má fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ ti tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀, torí òun ń sáré, ó ń pariwo, kò sì ní sùúrù tó jẹ́ agbára fíìmù náà. The Outlaw Johnny Black, tí White darí fúnra rẹ̀ tó sì jáde ní 2023, gbé irú ẹ̀fẹ̀ yìí lọ sí ilẹ̀ àwọn kábọ́ì. Ọkàn rere wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó lé ní wákàtí méjì, àwàdà irú èyí kì í fẹ́ gùn tó bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ orin nìkan lẹ fẹ́, ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń rà á. Àwo méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ àkójọ orin KPM, ilé-iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tó ń ṣe orin sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe fíìmù tàbí tẹlifíṣọ̀n láti yá lò. Ó dára, irú orin bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn eré olówó kékeré ìgbà náà ń lò. Ṣùgbọ́n kò sí orin tó ń sọ ìtàn fíìmù náà nínú rẹ̀. Èyí tí Wax Poetics gbé jáde ní 2009, tí orúkọ Adrian Younge wà lára páálí rẹ̀, ni Jimmy's Dead àti àwọn yòókù wà nínú rẹ̀.